Yíya Fọ́tò Canterbury: Ẹ Jẹ́ Kí Òpópónà Ṣáájú Kàtídírà

Bí ẹ bá wá àwòrán ìlú Canterbury lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun kan náà ni ẹ ó máa rí: ilé gogoro àárín Kàtídírà tí wọ́n ń pè ní Bell Harry, ojú ọ̀run tó mọ́ kedere lẹ́yìn rẹ̀, koríko tútù níwájú rẹ̀, láìsí ènìyàn kankan níbẹ̀. Àwòrán náà dára, n kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí rẹ̀, èmi náà sì ní irú rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe bí ẹni pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ìlú náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé inú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ ya Canterbury bó ṣe rí gan-an gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí Kàtídírà, kí ó rin àwọn òpópónà rẹ̀, kí ó sì máa fi kámẹ́rà wá ibi tí ayé ìgbà kan ti pàdé ayé ìgbà mìíràn, nítorí pé ìlú yìí dà bí agbádá baba ńlá ẹni tí ìran kọ̀ọ̀kan ti fi aṣọ tirẹ̀ bù lẹ̀, ojú àbùlẹ̀ náà sì ni ìtàn rẹ̀ wà.

Ìlú kékeré ni Canterbury, ní ẹkùn Kent tó wà ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a dàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ tipẹ́ kí a tó mọ ibi tó wà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà láti ìgbà tí Augustine ti dé láti Róòmù ní ọdún 597 láti wá wàásù fún Ọba Ethelbert ti Kent. Ní ọdún 1988 ni àjọ UNESCO fi ohun mẹ́ta ní ìlú náà sínú ìwé àwọn ogún àgbáyé: Kàtídírà, ahoro ilé àwọn mọ́ńkì tí wọ́n ń pè ní St Augustine's Abbey, àti ilé ìjọsìn kékeré St Martin. Mercery Lane àti Butchery Lane kò sí lára wọn. Àwọn ọ̀nà tóóró méjì yẹn ni mo sì ti ń pẹ́ jù lọ.

Ẹni tó bá wọ reluwé dé ibùdókọ̀ Canterbury West, ẹnubodè Westgate ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé odi àti bodè fún ọmọ Yorùbá. Àwọn ará Róòmù ló kọ́kọ́ mọ odi yí Canterbury ká, àwọn ará ìlú tún un mọ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn Faransé lè gbógun wá, ó sì ju ìdajì odi náà lọ tó ṣì wà títí di òní. Nínú gbogbo bodè rẹ̀, Westgate nìkan ni wọn kò wó. Simon Sudbury, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà nígbà náà, ló jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1380, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60. Kò pẹ́ tó fi kú: ní ọdún 1381, àwọn tálákà tí owó orí ti sú dìde, wọ́n sì bẹ́ orí Sudbury ní London. Owó orí náà ni o. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta pàápàá mọ ohun tí ó lè dá sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń dúró títí ọkọ̀ yóò fi kọjá tán kí wọ́n tó ya Westgate. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ṣì ń gba abẹ́ bodè náà kọjá lójoojúmọ́, ihò tí wọ́n kọ́ fún ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù kò sì fẹ̀, nítorí náà bí ọkọ̀ ńlá kan bá ń yọ́ rìn bọ̀ láti abẹ́ rẹ̀, ìgbà náà ni ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí yóò mọ bí ihò náà ti há tó àti bí ògiri náà ti nípọn tó. Ìta ìlú, ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà St Dunstan, ni ó dára jù láti dúró sí ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé ìhà yẹn ni oòrùn tó ń lọ wọ̀ ń tàn sí, òkúta tó dà bí eérú ní ọ̀sán a sì pọ́n díẹ̀. Ẹ rántí pé oòrùn ilẹ̀ yìí kì í gun òkè bí tiwa. Ní oṣù Kejìlá, ó ti wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ní oṣù Kẹfà, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ yóò lù kí ó tó lọ. Ẹni tó bá fi àsìkò Ìbàdàn ṣe ìṣírò yóò pàdánù ìmọ́lẹ̀.

Láti Westgate, òpópónà kan ṣoṣo ló la ìlú já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ń yí padà bí ẹ ti ń rìn: St Peter's Street, High Street, Parade, St George's Street. Ibi tí ó ti kọjá lórí odò Stour ni ilé àwọn ahunṣọ wà, ilé onígi dúdú àti funfun tí ó yọrí sórí omi, tí gbogbo àlejò sì ń yà. Àwọn Huguenot ló jẹ́ kí ó ní orúkọ yẹn, ìyẹn àwọn ará Faransé ẹlẹ́sìn Pùròtẹ́sítáǹtì tí wọ́n sá wá sí ìlú yìí ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún nítorí inúnibíni, tí wọ́n sì ń fi ọ̀fì wọn jẹun. Àwọn ọmọ ìjọ wọn ṣì ní yàrá ìjọsìn lábẹ́ ilẹ̀ Kàtídírà, níbi tí wọ́n ti ń jọ́sìn ní èdè Faransé. Ní òdìkejì ọ̀nà ni Eastbridge, ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìlá fún àwọn tálákà tó ń rìnrìn àjò ìsìn. Àwọn àgbàlagbà ṣì ń gbé inú rẹ̀, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń yà, n kì í gbé kámẹ́rà sí fèrèsé wọn.

Ẹ jẹ́ kí á yà sí Mercery Lane. Láti lóye ọ̀nà yìí, ẹ ní láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1170, nígbà tí àwọn ológun mẹ́rin láti ààfin Ọba Henry Kejì wọ inú Kàtídírà, tí wọ́n sì fi idà pa Thomas Becket, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà tó ti bá ọba ní gbólóhùn asọ̀ lórí agbára ìjọ àti agbára ààfin. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Póòpù kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1538, tí Ọba Henry Kẹjọ fọ́ ibojì rẹ̀, ni àwọn èrò ti ń wọ́ wá láti gbogbo Yúróòpù, Mercery Lane sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà kọjá sí ẹnu ọ̀nà Kàtídírà. Ibi tí èrò bá ti ń kọjá, ọjà kò ní ṣàì sí: àwọn ilé ìtajà kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n ń ta báàjì olójé tí èrò yóò lẹ̀ mọ́ fìlà àti ìgò kékeré tí wọn yóò fi gbé omi ìbùkún relé. Lónìí, ohun tí wọ́n ń tà ti yí padà, ṣùgbọ́n ìṣe náà kò yí padà rárá, nítorí náà ẹni tó bá fi ọgbọ́n yẹra fún àwọn pátákó ilé ìtajà kí àwòrán rẹ̀ lè jọ ti ayé àtijọ́ ti sọ ohun tó ṣe pàtàkì jù ní ọ̀nà náà nù.

Ọ̀nà náà há débi pé àjà òkè àwọn ilé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kanra. Ìdí ni pé àwọn kọ́lékọ́lé ayé ìgbà náà ń jẹ́ kí àjà kọ̀ọ̀kan yọrí síta ju èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, kí onílé lè rí àyè sí i láìgba ilẹ̀ kún ilẹ̀. Ní òpin rẹ̀ ni Christ Church Gate dúró sí, bodè tí a ń gbà wọ ọgbà Kàtídírà, tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún tí wọ́n sì kun àwọn àmì àwọn ìdílé ọlọ́lá sí lára. Bí ẹ bá dúró sí ìpẹ̀kun ọ̀nà náà ní ẹ̀gbẹ́ High Street pẹ̀lú lẹ́ńsì tó ń rí fẹ̀, bodè náà yóò sá sẹ́yìn, yóò sì kéré bí àpótí ìṣáná. Lẹ́ńsì tó gùn díẹ̀ ni mo fẹ́ràn níbẹ̀, nǹkan bí 85mm, nítorí ó ń fa bodè náà súnmọ́ àwọn ilé tó yọrí síta, àwọn ènìyàn tó wà láàárín a sì kún ojú ọ̀nà bó ṣe yẹ kí ọ̀nà ọjà kún. Ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run ló dára jù. Bí oòrùn bá ràn, ìdajì ọ̀nà yóò funfun kọjá ààlà, ìdajì kejì yóò ṣókùnkùn, kò sì sí kámẹ́rà tó lè mú méjèèjì pọ̀ láìfi ohun kan ṣòfò. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òkúta ilẹ̀ yóò máa dán, ìmọ́lẹ̀ ilé ìtajà yóò sì hàn nínú rẹ̀. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, n kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹ gbé ojú sókè wo àárín Christ Church Gate dáadáa. Ère Jésù tó wà níbẹ̀ kò dàgbà tó bodè náà rárá. Àwọn Púrítàn, ìyẹn àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí kò gba gbẹ̀rẹ́, fọ́ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní àwọn ọdún 1640, nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí wọ́n gbà pé òrìṣà ni ère. Àyè náà ṣófo fún ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún, títí di ọdún 1990, tí wọ́n gbé èyí tí a ń rí báyìí sí i. Idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ojú ọjọ́ sì ti sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé. Ará Jámánì ni ẹni tó ṣe é, Klaus Ringwald lorúkọ rẹ̀. Mo dá orúkọ ìlú rẹ̀ nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ láìpẹ́ nípa St George's Street.

Butchery Lane kò jìnnà sí Mercery Lane, ọ̀nà tóóró bíi tirẹ̀ ni, ẹni tó bá sì dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò rí Bell Harry tó yọ gànnà-gànnà lókè àwọn òrùlé. Ibẹ̀ ni mo gbà pé ó dára jù lọ láti ya ilé gogoro náà, ju inú ọgbà Kàtídírà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí pé ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, àga ilé kọfí àti ẹni tó ń gbé àpò ọjà lọ ni yóò sọ fún ojú bí ilé náà ti ga tó. Ẹsẹ̀ bàtà 235 ni. Ẹni tó bá ya á láàárín koríko kò rí ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kúrò ní Butchery Lane, tí ẹ kọjá sí St George's Street, ojú ìlú náà yóò yí padà lójijì. Àwọn ilé onígi kò sí mọ́, ilé pẹrẹsẹ alájà méjì àti mẹ́ta ló kù, àwọn tí wọ́n fi bíríkì àti kọ́ńkéré kọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àti ilé ìtajà ńlá Whitefriars tó jẹ́ ti àìpẹ́ yìí. Ní òru ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1942, ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Jámánì ju bọ́ǹbù iná sí Canterbury láti gbẹ̀san bọ́ǹbù tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti jù sí ìlú Cologne ní òru tó ṣáájú. Ìhà ìlà-oòrùn ìlú náà jóná. Ohun tó gba Kàtídírà là ni pé àwọn aṣọ́nà wà lórí òrùlé rẹ̀ ní òru náà, tí wọ́n ń gbá bọ́ǹbù iná kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́ sórí rẹ̀ dànù sílẹ̀ kí ó tó ráyè jó igi òrùlé. Wọ́n sì ti kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn gíláàsì aláràbarà àtijọ́ inú fèrèsé rẹ̀ pamọ́ kí ogun tó le.

Láàárín òpópónà náà, ilé gogoro kékeré kan tó ní aago lára dá dúró, kò sí ilé ìjọsìn kankan tó so mọ́ ọn. Ohun tó kù nínú ilé ìjọsìn St George ni. Mo máa ń rí i tí àwọn oníkámẹ́rà ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìbojú wò ó, tí wọ́n ń sáré padà sí ibi tó "rẹwà". N kò gbà pé òpópónà yẹn burẹ́wà. Bí mo bá dúró níbi tí ilé gogoro náà, ilé ìtajà tuntun àti ọ̀dọ́ tó ń jẹ búrẹ́dì lórí ìjókòó ìta ti wọnú àwòrán kan náà, mo mọ̀ pé mo ti ya ìlú tí ogun jà. Ogun náà kan náà ló tú àṣírí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀: nígbà tí wọ́n ń ṣàyẹ̀wò àwókù ni wọ́n rí ilẹ̀ onímòsáìkì (èyí tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà tò) ti ilé ará Róòmù kan, èyí tó ti di mùsíọ́mù abẹ́ ilẹ̀ ní Butchery Lane báyìí. Ẹni tó bá sì ti rí ibi tí bọ́ǹbù ti bà jẹ́ tán, tó wá padà lọ wo ère Jésù tí ará Jámánì ṣe, kò lè fi ojú àkọ́kọ́ wò ó mọ́.

Ìgbà tí mo bá ti rìn báyìí tán ni mo tó ń wọ ọgbà Kàtídírà, mo sì máa ń rí i pé Kàtídírà pàápàá kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Àwọn ilé gogoro méjì tó wà níwájú rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn jọra bí ìbejì, àmọ́ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n kọ́ ọ̀kan, àwọn ọdún 1830 ni wọ́n sì kọ́ èkejì lẹ́yìn tí wọ́n wó èyí tó wà níbẹ̀ láti ayé àwọn Normani, àwọn tó wá láti àríwá Faransé ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bell Harry tí ó dà bí òkúta láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bíríkì ló kún inú rẹ̀, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù, òkúta wulẹ̀ bò ó lójú ni. Ibi tí àwọn akọrin ń jókòó jóná ní ọdún 1174, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ikú Becket. William ará Sens láti ilẹ̀ Faransé ni wọ́n pè láti tún un kọ́, ó já bọ́ láti orí àkàbà iṣẹ́, ó fara pa débi pé ó ní láti padà sílé, William mìíràn tó jẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì ló sì parí rẹ̀. Gbọ̀ngán ńlá tí ìjọ ń jókòó sí tún jẹ́ ti òpin ọ̀rúndún kẹrìnlá. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí ẹ rí irin àti pákó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gùn láti tún ògiri ṣe, ẹ má ṣe bínú, ẹ yà á. Kò sí ìgbà kan nínú ẹgbẹ̀rún ọdún tí àwọn bíríkìlà kò sí lára ilé yìí.

Ìṣòro tó wà nínú yíya ilé gíga ni pé bí ẹ bá gbé kámẹ́rà sókè láti mú orí rẹ̀, ògiri rẹ̀ yóò máa tẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Kọ̀ǹpútà lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń na òkè ilé náà jù, ojú a sì mọ̀. Ó sàn kí ẹ jìnnà sí i, kí ẹ di kámẹ́rà mú gbọọrọ, kí ẹ sì gba kí ilẹ̀ pọ̀ nínú àwòrán, lẹ́yìn náà kí ẹ gé e. Fún ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yìí, òkè Dane John wà ní gúúsù ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi. Láti orí rẹ̀, ẹ óò fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wo Bell Harry ní ojúkorojú, àwọn òrùlé oníbíríkì pupa yóò sì wà láàárín yín.

Nínú Kàtídírà, n kì í ya àwòrán púpọ̀. Òkùnkùn wà níbẹ̀, tripod, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé, sì ń dí àwọn tó wá gbàdúrà lọ́wọ́. Mo máa ń fi ara ti òpó, mo sì ń jẹ́ kí kámẹ́rà gba àwòrán tó ní àmì wínníwínní díẹ̀ bí eruku dípò kí n lo fúláàṣì. Àbẹ́là kan ń jó lórí ilẹ̀ gbalasa níbi tí ibojì Becket wà kí wọ́n tó fọ́ ọ, ohun tí àwọn àlejò sì ń yà jù nìyẹn. Ohun tí èmi ń wá níbẹ̀ yàtọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, inú ilé yìí ni Charles Longley, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà, ti ya Samuel Àjàyí Crowther sí mímọ́ gẹ́gẹ́ bíi bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ọdún 1821, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tó wá di ọ̀kan nínú àwọn tó fi èdè wa sínú ìwé. Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun tó gbà á sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ti di àgbàlagbà ní ọjọ́ náà, ó sì wà níjòókòó. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà aláwọ̀ dúdú kankan ní ilẹ̀ Áfíríkà ṣáájú Crowther. Ìyà tí àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan wá fi jẹ ẹ́ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́, Justin Welby, tó jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà nígbà náà, sì tọrọ àforíjì nítorí rẹ̀ nínú Kàtídírà yìí kan náà ní ọdún 2014, nígbà tí ìyàsímímọ́ náà pé 150 ọdún.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè ya irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Fọ́tò Crowther fúnra rẹ̀ tí Ernest Edwards yà ní ọdún 1864 kan náà wà ní National Portrait Gallery ní London, ẹni tó bá fẹ́ rí ojú rẹ̀ lè lọ wò ó. Ní Canterbury, ohun tí mo ń yà ni ilẹ̀ gbọ̀ngán náà, láti ìsàlẹ̀, ní wákàtí tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ìhà gúúsù bá tẹ́ sórí òkúta, pẹ̀lú ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò mọ ìtàn náà kò ní rí Crowther níbẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Àkọlé ni mo máa ń fi ṣàlàyé, n kò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí fọ́tò nílò ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nípa àṣẹ, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní ọdún 1988 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà gbà wá láyè láti ya ilé èyíkéyìí, àti ère tí wọ́n gbé sí gbangba títí láé, láìgba ìyọ̀ǹda ẹni tó ṣe é. Ọgbà Kàtídírà ní olówó tirẹ̀, ilẹ̀ ìjọ ni, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ fi fọ́tò ibẹ̀ ṣòwò gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ rẹ̀. St Martin ní tirẹ̀ wà lẹ́yìn odi ní ìlà-oòrùn, èrò kì í pọ̀ níbẹ̀. Ayaba Bertha, ìyàwó Ọba Ethelbert, ti ń jọ́sìn níbẹ̀ kí Augustine tó dé. Ẹ súnmọ́ ògiri rẹ̀, kí ẹ ya bíríkì pupa àwọn ará Róòmù tí wọ́n tún lò láàárín òkúta mìíràn. Àbùlẹ̀ tó dàgbà jù ní gbogbo ìlú nìyẹn.

Àkókò tí mo fẹ́ràn jù láti wà ní Canterbury ni àkókò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Fásitì Kent àti Canterbury Christ Church University ń ṣe ayẹyẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn nínú Kàtídírà, ọmọ Nàìjíríà kì í sì í wọ́n láàárín wọn. Àwọn òbí a ti ilé dé pẹ̀lú aṣọ òkè, gèlè a ga, fìlà a gẹ̀, gbogbo Buttermarket, gbàgede kékeré tó wà níwájú Christ Church Gate, a sì gba àwọ̀ tuntun. Ibí ni ó yẹ kí ẹni tó ń ya wa ti ṣọ́ra. Òkúta Kàtídírà, tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Caen ní ilẹ̀ Faransé, funfun díẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ìpara. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni láti wá ìmọ́lẹ̀ tó wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Bí ó bá rí ògiri funfun tó gba gbogbo ẹ̀yìn àwòrán, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì dín in kù. Òkúta náà yóò jáde dáadáa, ojú ènìyàn dúdú tó dúró níwájú rẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ fọ́tò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tó jẹ́ pé eyín àti ìwé ẹ̀rí nìkan ló hàn níbẹ̀. Ojú ni kí ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀, ẹ má fi ògiri wọ̀n ọ́n. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni náà, kí ẹ sì fa ìmọ́lẹ̀ sókè díẹ̀. Lórí kámẹ́rà, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún un tó ìlọ́po méjì. Bí òkúta bá tipasẹ̀ bẹ́ẹ̀ funfun jù, kò sí ohun tó ṣe é. Bí oòrùn bá sì le, ẹ kó ìdílé náà lọ sí abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn mọ́ńkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kàtídírà, níbi tí òkúta pàápàá wà lábẹ́ òjìji, tí ojú àti ògiri kò sì ní máa bá ara wọn du ìmọ́lẹ̀.

Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè jáde rí mi pẹ̀lú kámẹ́rà ní Buttermarket, ó sì fi èdè wa pè mí: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá wa ya fọ́tò." Mo kí i kú oríire, mo tò wọ́n, mo sì ń sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kí bodè àti ilé gogoro lè wọlé pa pọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó ní kí n dúró ná, ṣé gèlè òun wọlé tán? Mo ní, "Ó kù díẹ̀, Mà, ibi tí mo ti ń gbìyànjú láti mú gbogbo Kàtídírà ni." Ó ní kí n gé Kàtídírà kúrò: ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ẹnikẹ́ni sì lè padà wá yà á lọ́la, àmọ́ òwúrọ̀ yìí ni wọ́n we gèlè tòun, wọ́n sì ti fẹ́ tú u.